Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Áfíríkà lórí ẹyẹ òyìnbó: Jos ni àṣírí ti tú

Bí ẹnì kan bá sọ fún èèyàn pé àwọn kan wà nílùú òyìnbó tó jẹ́ pé aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí, tí wọ́n á wọ ẹ̀wù òtútù méjì léra wọn, tí wọ́n á da tíì gbígbóná sínú fúláàsì, tí wọ́n á wa mọ́tò lọ sétí òkun nínú òtútù, tó sì jẹ́ pé nítorí ẹyẹ tí kò tó ìkúùkù ọmọdé ni wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn, onítọ̀hún lè ní irọ́ ni. L'Ékòó níbí, ẹni tó bá jí láago mẹ́rin, dáńfó ló ń sáré lé. Ẹyẹ kọ́.

Àmọ́ òótọ́ pọ́ńbélé ni. Láti ìparí oṣù kẹjọ títí wọ inú oṣù kọkànlá, nígbà tí ewé igi bá ń wọ́ dànù lọ́dọ̀ wọn, tí òtútù sì ń rọra yọ́ wọlé, ẹ ó rí wọn lórí àwọn òkè etí òkun káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti máa ń pé jọ ni òkè funfun tó wà ní Dover, ní Kent. Ìdí tí ọ̀rọ̀ wọn fi kan àwa tá a wà nílé níbí ni pé ẹyẹ tí wọ́n ń wò yẹn, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí sì ti di ẹjọ́. Wọ́n ní ó ń tán lọ, wọ́n sì ti kọ́kọ́ nàka sí Áfíríkà pé níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ná.

Òkè Dover yìí, ẹfun ni. Ẹfun gan-an ni o, irú èyí tí tíṣà fi ń kọ̀wé sójú pátákó. Níbi tó ga jù, ó tó mítà 110 láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ níbi tí omi ti ń kọlu ẹsẹ̀ rẹ̀. Koríko ló bo orí rẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tóóró kan sì gba bèbè rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere á rí ilẹ̀ Fáransé lódìkejì, torí níbi tí omi náà ti fún jù, kìlómítà 33 péré ló wà láàrin ilẹ̀ méjèèjì. Ìyẹn kò tó Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́.

Àwọn tó ń wẹyẹ níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Tíṣà wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ báńkì tẹ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Awò olójú méjì, irú èyí táwọn ṣọ́jà fi ń wo ọ̀tá lókèèrè, ló máa ń wà lọ́rùn wọn. Ìwé kékeré á wà lápò, bíírò á wà létí. Gbogbo ẹyẹ tó bá kọjá ni wọ́n ń kọ sílẹ̀: iye tó jẹ́, aago tó kọjá, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wọn.

Ká ní ọmọ Yorùbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Kent, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òru, bá gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, tó sì kan bàbá òyìnbó kan tó dúró gbagidi, tó gbé awò sójú. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa lọ.

“Ẹ káàárọ̀ o, sà. Kí lẹ̀ ń wò?”

“Whinchat ni. Òun nìyẹn lórí igi wáyà yẹn.”

“Háà, eléyìí kékeré báyìí? Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni, sà?”

Bàbá á bú sẹ́rìn-ín. “Rárá o. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ níbí. Ó ń rìnrìn-àjò ni. Níbo lo ti wá?”

“Nàìjíríà ni, sà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìhà ọ̀dọ̀ yín ló kọrí sí.”

Bàbá kò parọ́. Whinchat yìí, ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ ni, àyà rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ọsàn tó ń pọ́n bọ̀, ìlà funfun kan sì wà lókè ojú rẹ̀ bí ìgbà téèyàn fi ẹfun fà á. Ó fẹ́ràn kó máa bà sórí ohun tó bá yọrí lókè koríko, yálà igi ọgbà tàbí pòròpórò àgbàdo, kó máa wolẹ̀, bó bá ti rí kòkòrò á fò mọ́ ọn. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju gíráàmù 17 lọ púpọ̀. Ẹ mú ṣúgà oníhóró mẹ́rin sọ́wọ́, bó ṣe wúwo nìyẹn. Ohun tó wúwo tó ṣúgà mẹ́rin yìí ló ń gbéra nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọọdún, tó ń ré kọjá Fáransé àti Sípéènì, tó ń sọdá aginjù Sàhárà, tó ń wá lo ìgbà òtútù wọn níwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó sì tún ń padà lọ bó bá di oṣù kẹrin.

Òru ló sì máa ń rìn. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ kéékèèké tó ń rìnrìn-àjò jíjìn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lóru, atẹ́gùn tutù, kò ní í gbóná jù fẹ́ni tó ń fi ìyẹ́ ṣiṣẹ́. Àṣá ti sùn. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, á ráyè wá oúnjẹ. Ìràwọ̀ ló fi ń mọ̀nà, ó sì tún ní ohun kan lára tó fi ń mọ agbára òòfà tó wà nínú ilẹ̀ ayé, èyí tí ọ̀pá kọ́ńpáàsì àwọn atukọ̀ náà ń tẹ̀ lé. Bí ojúmọ́ bá mọ́ bá a létí omi, orí òkè ẹfun yìí ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, kó jẹun, kó sanra díẹ̀ sí i, kó tó kọrí sínú òkun. Bí òjò tàbí kùrukùru bá sì ká wọn mọ́ lójijì, àwọn ẹyẹ á wọ́ sílẹ̀ lórí òkè náà. Ọjọ́ tínú àwọn bàbá wọ̀nyí ń dùn jù nìyẹn.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ní tiẹ̀ kì í dúró dòru. Ọ̀sán gangan ló ń rìn, ojú ọ̀run ló ti ń jẹ kòkòrò bó ṣe ń lọ. Nínú oṣù kẹsàn-án, ẹ ó rí wọn bí wọ́n ṣe ń gba bèbè òkè náà kọjá lọ́wọ̀ọ́wọ́, kò sí èyí tó ń bojú wẹ̀yìn.

Nísàlẹ̀ òkè, ìrìnnà mìíràn tún wà níbẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ ẹ́ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni fún ẹyẹ. Àmọ́ ojú omi Dover kò fi bẹ́ẹ̀ gba ọkọ̀ o. Ó lé ní 400 ọkọ̀ òwò tó ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, ó wà lára ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti pọ̀ jù láyé. Èyí tó gbé epo rọ̀bì wà níbẹ̀, èyí tó to àpótí kọ̀ńténà léra bí ilé alájà mẹ́wàá wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbé èrò àti tírélà láti Dover lọ sí Calais náà ń dábùú gbogbo wọn kọjá, bí ẹni tó ń sọdá títì márosẹ̀.

Inú wọn náà ni ẹrù wa wà. Ṣé ẹ mọ mọ́tò tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń já sílẹ̀ ní Tin Can? Púpọ̀ nínú wọn, Antwerp nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ń wọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá sì gbé wọn ní Antwerp tó ń bọ̀ l'Ékòó, iwájú òkè ẹfun yìí ló ń gbà kọjá. Nítorí náà, bàbá tó gbé awò sójú láàárọ̀ yẹn lè rí tòkúnbọ̀ oríṣi méjì nígbà kan náà: ọ̀kan ń bọ̀ lórí omi pẹ̀lú táyà àti ẹ́ńjìnnì, ìkejì ń gbára dì lórí igi wáyà pẹ̀lú gíráàmù 17. Ìkejì yìí kì í sanwó kọ́sítọ́ọ̀mù.

Nígbà kan, ọkọ̀ kàn ń gba ibi tó bá wù ú níbẹ̀ ni. Lọ́dún 1967, wọ́n pín ojú omi náà sọ́nà méjì bíi títì ọlọ́nà méjì. Ọkọ̀ tó ń lọ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn á gba ìhà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ń bọ̀ á gba ìhà Fáransé. Àmọ́ kò sí òfin tó de ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá wù ló ń tẹ̀ lé e. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò dáa rárá. Lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1971, ọkọ̀ Paracas ti ilẹ̀ Peru gba ìhà tí kì í ṣe tirẹ̀, ó forí sọ ọkọ̀ epo Texaco Caribbean, ọkọ̀ epo náà bú gbàù, ó rì. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ Brandenburg ti ilẹ̀ Jámánì lọ gun òkú ọkọ̀ tó rì yẹn, òun náà lọ sísàlẹ̀. Wọ́n wá gbé iná àti àmì ìkìlọ̀ síbẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, nígbà tó kù díẹ̀ kí oṣù kejì parí, ọkọ̀ Niki ti ilẹ̀ Gíríìsì tún lọ gun ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yè nínú rẹ̀. Èèyàn 51 ló bá ọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ láàrin oṣù méjì.

Ìgbà yẹn lojú wá là. Lọ́dún 1972, wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní Dover tó ń fi rédà wo ọkọ̀ tọ̀sán-tòru, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ọ̀nà méjì yẹn sì di dandan. Ẹni tó bá gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ lónìí, wọ́n á mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á sì fẹjọ́ rẹ̀ sun ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ìrìnnà kẹta wà tí àwọn bàbá náà ń rí, tí wọn kì í fẹ́ sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Láàárọ̀ tí omi bá pa rọ́rọ́, ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n fún afẹ́fẹ́ sí máa ń yọ láti ìhà Fáransé, èèyàn á kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Kò sí físà lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún 2022 nìkan, ó lé ní 45,000 èèyàn tó gba ọ̀nà yìí wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ọ̀kan rì, ó kéré tán èèyàn 27 ló kú. Ọkọ̀ ńlá ní rédà tó ń ṣọ́ ọ, ẹyẹ ní ìràwọ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ rọ́bà, ojú Ọlọ́run nìkan ló ń wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ń sọ pé òun fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọ ìlú òyìnbó, ẹ ka ìlà yìí sí i létí.

Ká padà sórí ẹyẹ. Ó pẹ́ kí òyìnbó fúnra rẹ̀ tó mọ ibi tí ẹyẹ ń lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé wọn fi gbà gbọ́ pé bí òtútù bá dé, ṣe ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ máa ń wọ ihò lọ sùn, àwọn kan tiẹ̀ ní inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ló ń sá sí. Bẹ́ẹ̀, lásìkò tí wọ́n ń jiyàn yẹn, ẹyẹ náà ń fò kiri lókè orí àwọn bàbá ńlá wa níbí, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè.

Òrùka ló parí àríyànjiyàn náà. Lọ́dún 1909 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so òrùka oní-nọ́ńbà mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lóṣù karùn-ún ọdún 1911, lọ́yà kan tó ń jẹ́ John Masefield so òrùka mọ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ ní Cheadle, ní Staffordshire. Nígbà tó di oṣù Kérésìmesì ọdún 1912, wọ́n mú ẹyẹ yẹn gan-an nínú oko kan ní Natal, ní South Africa. Òrùka wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì pé. Ìró ìyẹn kọ gbọ̀n-ín gbọ̀n-ín láàrin wọn.

Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ dúró lórí òkè rárá. Lọ́dún 1903, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Eagle Clarke lọ gbé inú ọkọ̀ oníná tó ń tọ́ àwọn atukọ̀ sọ́nà nínú òkun nítòsí Kent. Odidi oṣù kan ló fi wà níbẹ̀ lásìkò tí ewé ń wọ́, torí kó lè fojú ara rẹ̀ rí bí ẹyẹ ṣe ń sọdá lóru. Ó rí wọn. Ó sì rí ohun tó báni lọ́kàn jẹ́: lóru tí òkùnkùn àti kùrukùru bá bolẹ̀, iná tó ń gba ẹ̀mí àwọn atukọ̀ là ni ẹyẹ ń wọ́ lọ bá, tí wọ́n ń fara gbá a, tí wọ́n sì ń kú. Títí dòní, iná àwọn ilé gíga ìgboro ń ṣe irú rẹ̀ fún wọn.

Wàyí o, ẹjọ́ náà rèé. Àwọn tó ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé whinchat ń dín kù. Láti ọdún 1995 síbí, èyí tó kù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó ìdajì èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2015, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pupa, ìyẹn ìwé àwọn ẹyẹ tọ́rọ̀ wọn ti le gan-an. Àwọn ẹyẹ mìíràn tó máa ń wá lo ìgbà òtútù ní Áfíríkà náà ń dín kù. Kí ló wá kọ́kọ́ wá sọ́kàn èèyàn? Wọ́n ní tó bá jẹ́ àwọn tó ń lọ sí Áfíríkà ló ń kú, a jẹ́ pé Áfíríkà ni wọ́n ti ń kú. Wọ́n ní àwọn èèyàn ibẹ̀ ń gé igbó, wọ́n ń dáko sí gbogbo ilẹ̀, wọ́n ń fín oògùn, wọ́n ń da màlúù káàkiri.

Ká má parọ́, ẹ̀sùn náà kò ṣàdédé wá. Nígbà ìrúwé ọdún 1969, ẹyẹ kan tó ń jẹ́ whitethroat kò padà wálé bó ṣe yẹ. Nínú mẹ́rin tó lọ, bíi mẹ́ta ni wọn kò rí mọ́. Nígbà tí wọ́n wádìí, ọ̀dá ló dá ní Sahel, nísàlẹ̀ aginjù Sàhárà, níbi tí ẹyẹ náà ti ń jẹun. Òjò kò rọ̀, kòkòrò àti èso tán, ẹyẹ kú. Torí náà ọ̀rọ̀ pé wàhálà lè ti Áfíríkà wá, ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Àmọ́ àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ẹjọ́ whinchat yìí, àwọn kan ní àwọn ò ní í gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá. Wọ́n gbéra, ó di Jos.

Ní Laminga, lẹ́yìn ìlú Jos, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí nípa ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ A. P. Leventis Ornithological Research Institute, tó bá Yunifásítì Jos ṣiṣẹ́ pọ̀. Leventis yẹn náà ni o, orúkọ tí àwọn òbí wa mọ̀ mọ́ ilé ìtajà. Ibẹ̀ ni àwọn olùwádìí láti Yunifásítì St Andrews, ní Scotland, fi ṣe ibùdó. Emma Blackburn àti Will Cresswell ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n ń mú whinchat nínú oko àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń so òrùka aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ láti òkèèrè. Wọ́n tún so ẹ̀rọ kan tí kò tó gíráàmù kan mọ́ àwọn mìíràn lẹ́yìn. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ju pé kó máa kọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ àti ìgbà tó ṣú sílẹ̀ lọ. Bí ẹyẹ bá padà dé, wọ́n á tú u lára rẹ̀. Láti ara bí ọ̀sán ṣe gùn tó àti aago tí ọjọ́ kanrí, wọ́n á ṣírò ibi tó dé. Èyí tí wọ́n so mọ́ àwọn ti Jos fi hàn pé ìlà-oòrùn Yúróòpù ni àwọn yẹn ti ń pamọ, àwọn ìbátan wọn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń lọ sápá ibòmíì níwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí.

Kí ni wọ́n wá rí? Ohun àkọ́kọ́: ẹyẹ tó bá lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nínú oko kan ní Jos, tó padà sí Yúróòpù lọ bímọ, tó tún sọdá Sàhárà bọ̀ lọ́dún kejì, oko yẹn gan-an ló tún ń bà sí. Kì í ṣe ìpínlẹ̀ kan náà lásán, kì í ṣe ìlú kan náà lásán. Oko kan náà ni, láàrin pòròpórò kan náà. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ l'Ékòó ni kò lè dá àdúgbò tó lọ lọ́dún tó kọjá mọ̀ láìbéèrè.

Ohun kejì ló tú àṣírí. Wọ́n ń ka àwọn ẹyẹ náà láti ìgbà tí wọ́n ti dé títí dìgbà tí wọ́n ń lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí ló kú. Èyí tó pọ̀ jù pátápátá nínú àwọn tó balẹ̀ ló wà láàyè títí dọjọ́ tí wọ́n gbéra padà. Oko àgbàdo tí wọ́n ní ó ń pa wọ́n, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun yó. Àgbẹ̀ kórè tán, pòròpórò kù nílẹ̀, ẹyẹ rí ibi bà sí, kòkòrò pọ̀. Màlúù jẹ koríko mọ́lẹ̀, ẹyẹ túbọ̀ rí kòkòrò nílẹ̀ kedere. Àwọn olùwádìí náà sì sọ ọ́ bó ṣe rí: ó jọ pé kì í ṣe inú oko wa nibi tó ń gbé nígbà òtútù ni wàhálà whinchat wà. Àfi kí wọ́n wá a lójú ọ̀nà, tàbí nílé tó ti ń bímọ.

Nílé tó ti ń bímọ kẹ̀? Kí ló wà níbẹ̀?

Ẹ gbọ́ o. Whinchat kì í kọ́lé sórí igi. Ilẹ̀ ló ń kọ́lé sí, lábẹ́ koríko gíga, nínú pápá tí àwọn àgbẹ̀ òyìnbó ti ń gé koríko fún màlúù wọn. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń jẹ́ kí koríko gbó dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n tó sá a gbẹ. Ìgbà yẹn, ọmọ ẹyẹ á ti fò lọ. Nígbà tó yá, ọgbọ́n tuntun dé: koríko tútù ni wọ́n ń gé báyìí, wọ́n á dì í pa mọ́ kó kan, màlúù á máa jẹ ẹ́. Ìyẹn kò nílò kó gbó. Nítorí náà wọ́n ń tètè gé e, wọ́n sì ń gé e léraléra lọ́dún kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé e tóbi, ó sì yára. Ìyá ẹyẹ tó bá sàba lórí ẹyin kì í fẹ́ dìde, ó rò pé bóun bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ewu á kọjá lórí òun. Ẹ̀rọ kì í kọjá lórí ẹni. Ẹyin, ọmọ àti ìyá, gbogbo ẹ̀ ló ń gé pọ̀.

Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, orí àwọn òkè tí ẹ̀rọ kò ráyè dé ni wọ́n ti ń rí whinchat bímọ jù. Nínú pápá ìsàlẹ̀ tó kún fún un tẹ́lẹ̀, ó ti di àwátì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ní ó ń kú sí àjò ṣe ń kú sílé.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ọwọ́ tiwa náà kò mọ́ tán. Ní Boje, nítòsí Ikom ní ìpínlẹ̀ Cross River, òkè kan wà níbẹ̀ tí koríko gíga bò, tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ láti Yúróòpù máa ń wá sùn sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iye wọn lé ní mílíọ̀nù kan. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ṣe ni wọ́n máa ń ṣú dẹ̀dẹ̀ lójú ọ̀run bí èéfín. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi àtè mú wọn, wọ́n á sun wọ́n, wọ́n á jẹ wọ́n. Lára ẹyẹ tí wọ́n mú ni wọ́n ti ń rí òrùka tí wọ́n so láti Yúróòpù. Nígbà tó di àárín ọdún 1990 sí 1999, àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, títí kan Nigerian Conservation Foundation, lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn kò fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ wọn. Wọ́n jókòó ti àwọn àgbà ìlú, wọ́n ṣàlàyé bí ẹyẹ náà ṣe rìn tó, wọ́n sì jọ wá ẹran mìíràn tí wọ́n lè máa sìn jẹ. Àtè dín kù. Ilé iṣẹ́ yẹn náà ló ni ọgbà Lekki l'Ékòó, tí èèyàn lè gbọ̀nà orí pákó wọnú igbó, kó lọ wo ẹyẹ láìjẹ́ pé ó wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Dover.

Tí ẹ bá wá wò ó dáadáa, ẹjọ́ yìí kò yàtọ̀ sí ti ọmọ tó ní ilé méjì. Bó bá rù, ìyá á ní ilé bàbá ni ebi ti ń pa á. Bàbá á ní ilé ìyá ni. Ọmọ á máa rù lọ láàrin àwọn méjèèjì, títí ẹnì kan á fi dìde, tó máa lọ ka abọ́ oúnjẹ nílé méjèèjì. Ohun tí àwọn tó lọ sí Jos ṣe nìyẹn. Bí wọn ò bá lọ ni, gbogbo ayé á ṣì máa náwó lórí bí wọn ó ṣe gba whinchat lọ́wọ́ àgbẹ̀ Nàìjíríà, ẹ̀rọ á sì máa gé e mọ́ ìtẹ́ ní Yúróòpù.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì le. Àgbẹ̀ òyìnbó tó bá lè fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kún un kó tó gé koríko, tàbí kó fi apá kan pápá sílẹ̀ láìgé, á gba ẹyẹ là. Ní tiwa, bí ilẹ̀ bá ti ń dín kù tí gbogbo oko ń di ilé, ká rántí pé pòròpórò tó kù lóko lẹ́yìn ìkórè wúlò fún ẹlòmíì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sókè Ọya nígbà ọyẹ́, bí ẹ bá rí ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó dá bà sórí pòròpórò àgbàdo, tí ìlà funfun wà lókè ojú rẹ̀, ẹ sọ fún ọmọ tó mú òkúta lọ́wọ́ pé kó jù ú nù. Àlejò ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lọ́dún tó kọjá náà, orí pòròpórò oko yẹn ló bà sí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.